Ẹ Dá Àkókò Eré Padà fún Ọmọdé

Nínú gbogbo ìbéèrè tí àwa òbí máa ń bi àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí a bá mú ọmọ wa lọ forúkọ sílẹ̀, iye owó tí a ó san, èdè tí wọn yóò fi kọ́ ọ, iye ọmọ tí ó yege nínú ìdánwò ọdún tí ó kọjá, irú aṣọ tí yóò máa wọ̀ àti bàtà tí yóò bá a mu, ìbéèrè kan wà tí ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó ti ẹnu wa jáde, òun náà sì ni èyí: níbo ni ọmọ yìí yóò ti máa ṣeré, ìgbà wo ni wọn yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó ṣe é? Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú àgbà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbàgbé eré sísá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ọmọ ọdún méje ní ohun tí ó dùn mọ́ ọn jù ní ilé ẹ̀kọ́, kì yóò dárúkọ ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ni kì yóò dárúkọ gírámà. Agogo ìsinmi ni yóò fi dá yín lóhùn. Mo gbà pé ọmọ náà mọ ohun tí ó ń sọ.

Ìlú Douala, tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, tí odò Wouri ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣàn lọ sínú òkun, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, pàápàá àdúgbò kan níbẹ̀ tí a ń pè ní Bonapriso. Àdúgbò ọlọ́lá ni Bonapriso, ọlọ́jà òdòdó, onílé ògiri gíga, onílẹ̀kùn irin tí awakọ̀ ń fun fèrè kí mẹ́gádì tó ṣí i. Bí ènìyàn bá gba òpópónà Njo-Njo kọjá, yóò rí ilé ìtajà, yóò rí ilé oúnjẹ àti ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n kí ó tó rí ilẹ̀ gbalasa tí ọmọdé lè gbá bọ́ọ̀lù lé lórí láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yóò rìn jìnnà. Ilẹ̀ wọ́n níbẹ̀ bí ojú. Kì í sì í ṣe ohun àrà mọ́ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, kí ilé tí a kọ́ fún bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin di ilé ẹ̀kọ́ aládàáni: pálọ̀ di kíláàsì, gáréèjì di kíláàsì, ibi tí ọgbà òdòdó wà tẹ́lẹ̀ a sì di sìmẹ́ńtì tí àwọn olùkọ́ ń gbé ọkọ̀ sí.

Ìjà ilẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ọba ẹ̀yà Duala ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn ará Jámánì ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1884, tí ọkàn wọn sì balẹ̀ pé ilẹ̀ àwọn yóò wà lọ́wọ́ àwọn, ìjọba Jámánì yí ohùn padà, ó pète láti lé wọn kúrò lórí òkè Joss, níbi tí Bonanjo àti Bonapriso wà, kí ó lè sọ ibẹ̀ di ìlú òyìnbó nìkan, kí ó sì kó àwọn onílẹ̀ lọ sí New-Bell. Rudolf Duala Manga Bell, ọba tí ó kàwé ní Jámánì, tí ó mọ òfin wọn, ni ó kọ̀wé, tí ó bẹ̀bẹ̀, tí ó rán akọ̀wé rẹ̀ Ngoso Din lọ sí Jámánì láti ṣe alágbàwí. Wọ́n sì so àwọn méjèèjì kọ́ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1914. Ilẹ̀ tí ó ná àwọn ènìyàn ní ẹ̀mí báyìí, ẹni tí ó bá ní ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ lónìí kì í fẹ́ fi í sílẹ̀ lásán. Ọmọdé kò sì ní ìwé ilẹ̀, kò ní agbẹjọ́rò, kò lè dìbò. Nígbà tí a bá ń pín ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, kíláàsì ni a ń kọ́kọ́ wọ̀n, ọ́fíìsì ọ̀gá a tẹ̀ lé e, ibi ìgbọ́kọ̀sí a tẹ̀ lé ìyẹn, èyí tí ó bá ṣẹ́kù sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá ni a ó wá pè ní pápá ìṣeré.

Kí ni ọmọ ń rí nínú eré tí kò lè rí nínú ìwé? Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ mẹ́jọ tí ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù láàárín ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pín ara wọn sí méjì, kí ìhà kan má baà lágbára ju èkejì lọ, nítorí eré tí a ti mọ ẹni tí yóò borí kò dùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ibi tí ojúlé yóò wà, lórí ẹni tí yóò ṣọ́ ọ, lórí ohun tí a ó ṣe bí bọ́ọ̀lù bá fò kọjá ògiri. Bí àríyànjiyàn bá sì ṣẹlẹ̀ nítorí pé ẹnìkan ní bọ́ọ̀lù wọlé, tí èkejì ní kò wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹjọ́ ni agogo yóò lù bá lẹ́nu wọn. Kò sí tíṣà níbẹ̀ tí ń pàṣẹ. Ìgbìmọ̀ ni àwọn ọmọ náà ń ṣe yẹn, ẹjọ́ dídá ni, ìlérí mímúṣẹ ni, ìfaradà ni. Ọmọ tí kò bá sì rí ibi kọ́ nǹkan wọ̀nyí ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ibi tí yóò ti kọ́ wọn ní ọmọ ogójì ọdún yóò ná òun àti ará ilé rẹ̀ ní ohun púpọ̀. Àwọn baba wa mọ èyí kí ìwé kíkà tó dé ilẹ̀ wa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní òkòtó fún ọwọ́, àrín fún ojú, ayò ọlọ́pọ́n fún ìrònú, ìjàkadì fún egungun, bojúbojú fún etí àti ẹsẹ̀, tí wọ́n sì fi àlọ́ sí abẹ́ òṣùpá. Àwọn ọmọbìnrin tí ń ṣe tẹ̀ǹtẹ́, tí ń pàtẹ́wọ́, tí ń ju ẹsẹ̀, tí ń ka iye tí wọ́n ti jẹ láìṣì í kà, ìṣirò ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú gbogbo ara.

Àwọn onímọ̀ ìwé náà ti rí i. Anthony Pellegrini, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń ṣeré, rí i pé bí a bá ti ń mú ọmọ jókòó pẹ́ sí i ni ọkàn rẹ̀ ń kúrò lára iṣẹ́, àti pé lẹ́yìn eré ni ọkàn náà ń padà wálé. Ní Finland, àṣà wọn ni pé bí a bá fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́, a ó fi ìṣẹ́jú 15 tú u sílẹ̀ kí ó sinmi, kí ó sì ṣeré. Kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé àwọn ará Finland kò mọ̀wé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àkókò eré jẹ́ ohun tí ọmọ nílò fún ara, fún ọpọlọ àti fún ìbágbépọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn, àti pé a kò gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi fìyà jẹ ẹ́ tàbí láti fi ìwé dípò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyà yìí ni ó ká mi lára jù. Láti Douala títí dé Èkó, láti Kútọnu títí dé Ìbàdàn, ìjìyà tí ó yá tíṣà lára jù lẹ́yìn pàṣán ni kí ó wí fún ọmọ pé, “Ìwọ kò ní í jáde lónìí, jókòó síbẹ̀ kí o parí iṣẹ́ rẹ.” Ẹ wo irú ọmọ tí ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀: ọmọ tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ ni, tí ń mi ẹsẹ̀ lábẹ́ àga, tí ń fọwọ́ kan ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń lọ sí fèrèsé. Òun gan-an ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sáré jáde. Bí a bá wá tì í mọ́ inú kíláàsì, a gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn nítorí pé ó ń ṣàìsàn, ẹnu a sì máa yà wá ní ọ̀sán nígbà tí ìwà rẹ̀ bá burú ju ti òwúrọ̀ lọ. Kò sí tíṣà rere tí yóò gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ nítorí pé kò mọ ìṣirò. Eré sì sún mọ́ oúnjẹ ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ. N kò fi èyí bú àwọn olùkọ́. Mo mọ̀ pé èrò pọ̀ ju àga lọ nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì, mo sì mọ̀ pé ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní àwọn ìlú ńlá Kamẹrúùnù, àṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní mi-temps, nínú èyí tí ọ̀wọ́ ọmọ kan ń wá láàárọ̀, tí ọ̀wọ́ kejì ń gba àga wọn lọ́sàn-án. Níbi tí àkókò bá ti há báyẹn, eré ni ọwọ́ máa ń tètè tó láti gé.

Bí ọmọ New-Bell, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù, kò bá rí eré ṣe nílé ẹ̀kọ́, ó ṣeé ṣe kí ó rí i ṣe ní ojú títì nígbà tí ó bá dé ilé, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù àkísà àti òkúta méjì. Ní New-Bell ni Samuel Eto'o ti dàgbà, agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé mọ̀. N kò sì wí pé eré dára nítorí pé ó lè sọ ọmọ di olówó, nítorí ẹyọ kan nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ni irú rẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ọmọ Bonapriso kò ní ojú títì yẹn. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni ọkọ̀ ti ń gbé e, ilé ni ọkọ̀ ń já a sí, olùkọ́ tí yóò ṣe lẹ́sìnnì fún un ti ń dúró dè é ní pálọ̀, lẹ́yìn náà ó ku òun àti tẹlifíṣọ̀n. Ogún ìṣẹ́jú ti ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni ó kù tí ó fi lè jẹ́ ọmọdé láàárín àwọn ọmọdé. Ọmọ ọlọ́rọ̀ lè tòṣì ní ọ̀nà yìí, kí bàbá rẹ̀ má sì mọ̀.

Òjò Douala tún wà níbẹ̀, tí ó lé ní 3,500 mìlímítà lọ́dún, tí ó sún mọ́ ìlọ́po mẹ́ta ti Ìbàdàn. Oṣù Kẹsàn-án tí àwọn ọmọ ń wọlé sí sáà tuntun wà lára àwọn oṣù tí ó ń rọ̀ jù. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá ní ìta olórùlé yóò máa há ọmọ mọ́ ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Páànù àti òpó lásán ni irú ìta bẹ́ẹ̀ ń béèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹjọ́ Douala nìkan ni mo ń rò. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé ni ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́, tí pápá sì wà níwájú rẹ̀ tí ọmọ lè sáré títí kí ó rẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí ó sáré lórí pápá wọ̀nyẹn ni ó ń kàwé lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Èkó lónìí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé wà lókè rẹ̀ wó lulẹ̀ ní Ìta Fàájì, ní Erékùṣù Èkó, ó sì pa àwọn ọmọ tí kò mọ ohunkóhun. Ilé tí kò lágbára ni gbogbo ènìyàn bú nígbà náà, ẹ̀tọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bèèrè pẹ̀lú, bí a ti ṣe gbà kí a máa kó ọmọ kékeré lọ sókè àjà, níbi tí kò sí ilẹ̀ kankan tí ó jẹ́ tiwọn.

Àwọn òbí kan yóò wí pé, “Owó ìwé ni mo san, n kò san owó eré.” Ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà ti dán èrò yìí wò ṣáájú wa. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ fòpin sí àkókò eré ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí àwọn ọmọ lè ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò, wọ́n tilẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tuntun tí kò ní pápá rárá. Ní ọdún 2022, ìpínlẹ̀ Georgia, tí Atlanta jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ṣe òfin tí ó dá àkókò eré padà fún àwọn ọmọ kékeré. Àwọn mìíràn yóò wí pé ọmọ lè ṣubú, kí ó fi ara pa. Yóò ṣubú lóòótọ́. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó ṣubú nígbà tí egungun rẹ̀ rọ̀, tí ilẹ̀ kò sì jìnnà sí i, kò ní í mọ bí a ti ń dìde. Kí àgbà kan wà nítòsí tí ń wò wọ́n, kí a kó ìgò àti irin kúrò nílẹ̀, ó tán.

Òfin pàápàá ti gbè sẹ́yìn eré ọmọdé. Ẹ̀ka 31 nínú ìwé àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, èyí tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1989, tí Kamẹrúùnù sì gbà wọlé ní ọdún 1993, sọ pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Ẹ̀ka 12 nínú ìwé àdéhùn ti ilẹ̀ Áfíríkà, ti ọdún 1990, sọ bákan náà. Nítorí náà ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni pé kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri yàrá àwọn olùkọ́ pé a kò gbọ́dọ̀ fi àkókò eré jẹ ọmọ kankan níyà; ẹ̀yin òbí, ẹ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ tí ó ń bọ̀, kí ẹ má sì fi lẹ́sìnnì dí gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọmọ yín; ẹ̀yin tí ìjọba yàn láti máa bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò, ní Douala àti ní Èkó, ẹ wọn ilẹ̀ eré kí ẹ tó ka iye àga. Ilé tí kò bá ní ibi tí ọmọ lè sáré, kò yẹ kí a fún un ní ìwé àṣẹ láti máa jẹ́ ilé ẹ̀kọ́.