Owó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ta la máa bi léèrè iṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká fi owó tó ń jáde lápò ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìdúmọ̀tà bẹ̀rẹ̀. Ó ń san owó ṣọ́ọ̀bù fún káńsù. Ó ń san owó ìdọ̀tí. Ó ń dá owó ẹgbẹ́ ọjà, ó ń dá owó ọlọ́dẹ. Tó bá já ẹrù, àwọn ọmọ àdúgbò á gba tiwọn. Dánfó tó gbé ẹrù náà wá ti já tíkẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà, ó sì ti fi owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn lé owó ọkọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, tí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan péré, omi gọ́tà á wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Tó bá fẹ́ tọ̀, ó máa sanwó. Tó bá fẹ́ fọwọ́, ó máa ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà.

Ẹ ò wá rí i pé owó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó? Ohun tó ṣòro rí ni ẹni tí èèyàn lè dì mú pé, "Ìwọ lo gbowó yìí, iṣẹ́ dà?" Káńsù á ní ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Aláùsá á ní ti káńsù ni. Àwọn méjèèjì á tún ní Àbújá ni ò fún àwọn lówó tó tó.

Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dá ẹjọ́ lórí owó ìjọba ìbílẹ̀ ní 2024, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń retí pé tí owó Àbújá bá ti ń wọ àpò káńsù tààrà, gbogbo nǹkan á yí padà. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lójú tèmi, owó tí àwa fúnra wa ń san lójoojúmọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ tọpa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Wọ́n ka ẹni tó ń sùn níbẹ̀, wọn ò ka ẹni tó ń wọlé wá nájà

Nínú ìkànìyàn 2006, iye tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde fún ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Island lé díẹ̀ ní 209,000 èèyàn, lórí ilẹ̀ tí kò tó kìlómítà 9 níbùú-lóòró. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ò gba ìkànìyàn yẹn wọlé rárá. Mílíọ̀nù 9 ni ìjọba àpapọ̀ kà fún gbogbo Èkó, Èkó ní òun ka mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀. Àríyànjiyàn yẹn ò tíì parí dòní.

Kí ló kan gọ́tà nínú ìyẹn? Ó kàn án gan-an. Nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín lóṣooṣù, ìdá 20.60 nínú 100 ló jẹ́ ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Tí wọ́n bá wá fẹ́ pín in láàárín wọn, ìdá 40 máa ń jẹ́ dọ́gbadọ́gba fún gbogbo wọn, ìdá 30 ń tẹ̀ lé iye èèyàn, bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó náà sì wà nínú ohun tí wọ́n ń wò. Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó ò fẹ̀. Iye èèyàn tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ fún un, àwọn tó ń sùn níbẹ̀ lálẹ́ ni.

Àwọn tó ń gba orí afárá Carter, afárá Èkó àti Third Mainland wọlé láàárọ̀ ńkọ́? Ẹni tó wá ra aṣọ ní Balógun láti Ìkòròdú, ẹni tó wá ra ọjà láti Ọ̀tà, láti Ìbàdàn, láti Kútọnu, kò sí ẹni tó ka ìyẹn mọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rá omi píọ̀ tí wọ́n mu, ibẹ̀ ni wọ́n jù ú sí. Páálí àti ike oúnjẹ, ibẹ̀ náà ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á padà sílé, ìdọ̀tí á ṣẹ́kù fún ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ìyẹn ni pé owó Àbújá, kódà tó bá wọlé láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, wọn ò ṣe é ní ìwọ̀n iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Owó ọjà nìkan ló lè tún ohun tí ọjà bà jẹ́ ṣe.

Oúnjẹ ẹni ogún, ẹni mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló ń jẹ ẹ́

Ìṣòro kejì rèé. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí mọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 2003, nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà, wọ́n dá 37 sí i. Ìjọba Ọbásanjọ́ bínú, ó ti owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mọ́lé ní 2004. Èkó lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé Ààrẹ ò láṣẹ láti dá owó náà dúró, àmọ́ ó tún sọ pé àwọn káńsù tuntun yẹn ò tíì pé lábẹ́ òfin títí ìgbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Àsìkò Yar'Adua, ní 2007, ni wọ́n tó tú owó náà sílẹ̀. Orúkọ àwọn 37 yẹn ò tíì wọ ìwé òfin títí di òní.

Bí Lagos Island East ṣe jáde lára Lagos Island nìyẹn. Káńsù méjì, alága méjì, ọ́fíìsì méjì, lórí ilẹ̀ tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn já láàárín wákàtí kan. Ìpín kan ṣoṣo ni Àbújá mọ̀. Mi ò sọ pé kò dáa kí káńsù sún mọ́ aráàlú. Mo kàn ń sọ pé owó oṣù òṣìṣẹ́ àti ti olóṣèlú ló kọ́kọ́ máa jẹ nínú ìpín tó ti kéré tẹ́lẹ̀, kó tó kan gọ́tà.

Ìdájọ́ 2024 ò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe

Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé kò bófin mu kí gómìnà máa di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú. Kí wọ́n máa san án fún káńsù tààrà, káńsù tí aráàlú dìbò yàn. Ìdájọ́ tó dáa ni.

Àmọ́ ẹni tó ń bọ́ ni lèèyàn ń wo ojú rẹ̀. Nínú ìbò ìjọba ìbílẹ̀ Èkó tó wáyé ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 2025, ẹgbẹ́ APC ló gba ipò alága gbogbo káńsù mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Alága tó mọ̀ pé ẹgbẹ́ ló gbé òun dépò, tó sì mọ̀ pé Àbújá lowó òun ti ń wá, kí ló máa mú un bẹ̀rù ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Jankárà? Tó bá jẹ́ owó ṣọ́ọ̀bù yẹn ló fi ń san owó òṣìṣẹ́, tí gbogbo ọjà sì mọ iye tó ń wọlé, á gbọ́ tí wọ́n bá pè é.

Ta ló ń gba kí ni?

Ìwé òfin 1999 ò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ó ka iṣẹ́ káńsù sílẹ̀: ọjà, gáréèjì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò, gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí, owó orí ilé. Òfin kan tó jáde ní 1998 náà to oríṣi owó tí káńsù lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí ojú ọ̀nà láti gbowó.

Ẹ wá wo bó ṣe rí. Owó orí ilé ti wọnú Land Use Charge láti 2001, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bá káńsù gbà á. Nígbà tí wọ́n gbé e lékè ní 2018, ariwo tí àwọn onílé àti oníṣòwò pa mú kí ìjọba dín in kù, nígbà tó sì di 2020 wọ́n ṣe òfin míì. Owó ọkọ̀ ńkọ́? Ní oṣù Kejì 2022, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò owó kan ṣoṣo, 800 náírà lóòjọ́ fún ọkọ̀ èrò, kí gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì yòókù lè dópin. Ẹ bi awakọ̀ èyíkéyìí ní Òbáléńdé bóyá tíkẹ́ẹ̀tì dópin.

Owó tí kò ní rìsíìtì, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun san án. Ẹni tí kò sì lè sọ pé òun san, kò lẹ́nu láti béèrè. Ibi tí ẹ̀tọ́ wa ti ń jò lọ nìyẹn.

Ẹ̀mí èèyàn sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2019, ilé alájà tí iléèwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìtá Fájì. Èèyàn 20 ló kú, ọmọ iléèwé wà nínú wọn. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé wọ́n ti fàmì sí ilé yẹn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, iná jó ilé ìtajà ní Balógun. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń yẹ ilé wò, òun náà ló ni panápaná. Àmọ́ ẹni tó tẹ́ ọjà sójú títì, tí mọ́tò panápaná ò fi ní ráyè kọjá, ó sanwó fún ẹnì kan kó tó tẹ́ ẹ. Ta ló gbowó yẹn? Tí ẹni tó ń gbowó bá yàtọ̀ sí ẹni tó máa pa iná, iná lè jó tán kí wọ́n tó parí àríyànjiyàn.

Àwọn bàbá wa béèrè

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ò dákẹ́ báyìí rí. Ní 1908, nígbà tí ìjọba àwọn òyìnbó fẹ́ gba owó omi ẹ̀rọ, Dókítà John Randle àti Dókítà Ọbásá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti takò ó, Ẹlẹ́kọ̀ Ẹ̀ṣúgbàyí náà sì dúró ti àwọn èèyàn rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ yé èèyàn: a ní kànga, ẹ ò bi wá kẹ́ ẹ tó gbé e kalẹ̀, ta gan-an ni omi yìí wà fún? Nígbà tó di 1916, ìwọ́de tún wáyé lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, àwa ń ra omi nínú kẹ́ẹ̀gì, a ò sì béèrè mọ́.

Àmọ́ ká má tan ara wa, káńsù tó dá dúró náà lè bàjẹ́. Ní 1950, Èkó dìbò yan káńsù tirẹ̀, Dókítà Ibíyínká Ọlọ́run-Nímbẹ sì di olórí ìlú, ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn tó jẹ́ Mayor Èkó. Kò tó ọdún mẹ́rin tí ìwádìí Bernard Storey fi tú àṣírí ìwà jẹgúdújẹrá nínú káńsù náà, wọ́n sì tú u ká ní 1953. Àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn, owó wà, àmọ́ àkáǹtì ò sí níwájú aráàlú.

Ìlú míì ti gbìyànjú àtúnṣe o. Láti 2011, Kampala ní Uganda gbé owó ọjà, owó gáréèjì àti owó orí ilé kúrò lọ́wọ́ agbowó, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa san án sí báńkì. Láàárín ọdún bíi mẹ́rin, owó tó ń wọlé ju ìlọ́po méjì lọ. Ṣùgbọ́n Ààrẹ ló yan ẹni tó ń ṣàkóso, àwọn tó ń kiri ọjà lójú títì sì jìyà ìléni kúrò. Owó pọ̀ sí i, ohùn aráàlú ò pọ̀ tó o. A lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbowó, ká sì yẹra fún ìyẹn tó kù.

Kí la lè ṣe?

Ẹnì kan á ní, "Agbèrò ni wọ́n, ta ló fẹ́ kú?" Òótọ́ ni, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ bá agbèrò jà ní Ìdúmọ̀tà. Mi ò sì ní kí wọ́n fi owó tuntun kún èyí tí ìyá ọlọ́jà ń san. Ohun mẹ́ta péré ni mo ń béèrè fún.

Kí káńsù méjèèjì lẹ iye owó tó bófin mu mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n máa san án sí. Tí nǹkan kan ò bá sí lára pátákó yẹn, olè ni ẹni tó ń gbà á.

Kí wọ́n máa gbé iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe jáde lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù. Ẹgbẹ́ ìyálọ́jà ń ṣe irú ìṣirò yìí fún àjọ wọn, kò le jù fún káńsù.

Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á lórí fóònù yìí. Òfin ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó ń lọ, Freedom of Information, ti wà láti 2011. Ní oṣù Kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé kò sí ìjọba kankan tí òfin yẹn ò mú, títí kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà, ojú ìwé kan péré: èló ni ẹ gbà lọ́wọ́ ọjà wa lọ́dún tó kọjá, èló lẹ fi kó gọ́tà? Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ẹ gbé lẹ́tà náà sórí Facebook, ẹ gbé èsì náà síbẹ̀. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé ìyẹn náà síbẹ̀.

Lẹ́tà kan ò lè kó gọ́tà. Àmọ́ tí ọgọ́rùn-ún ọlọ́jà bá béèrè ìbéèrè kan náà ní ọ̀sẹ̀ kan náà, á ṣòro fún alága láti sọ pé Àbújá lòun ń dúró dè.