Àjẹ́ Ké Lánàá: Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Bèèrè Ẹ̀rí

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú.

Yunifásítì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ti ń kọ́kọ́ gbọ́ nípa lọ́jíìkì, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìrònú tó yè kooro. Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá kò jìnnà sí Ìkàrẹ́, kò sì jìnnà sí Ọ̀kà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni yóò wọlé síbẹ̀? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn ó sì fi kọ́ ẹni tó bá wọlé, bí ẹni pé Yorùbá kò ronú rí.

Mo ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 13, kí a fi Yorùbá kọ́ wọn, kí òwe yìí sì jẹ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Òwe náà dùn lẹ́nu. Òun náà ni wọ́n fi ń dá ìyá arúgbó tí kò ní olùgbèjà lẹ́bi. Kí ọ̀dọ́ bèèrè: òru mélòó ni igbe ti dún tí ọmọ kankan kò kú? Ọmọ mélòó ni ibà pa láìsí igbe? Àkùkọ a máa kọ kí ilẹ̀ tó mọ́; ẹ pa gbogbo àkùkọ Ọ̀kà, ilẹ̀ yóò ṣì mọ́.

Ẹ tún wo "mọ̀" tó wà nínú òwe náà. Ní 1986, Barry Hallen àti J. O. Ṣódípọ̀, tí wọ́n jọ kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé jáde lórí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn Yorùbá. Àwọn baba wọ̀nyí ya ìmọ̀ kúrò lára ìgbàgbọ́: ohun tí o fojú ara rẹ rí ni o mọ̀, èyí tí o gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ṣe ni o gbà á gbọ́, títí o ó fi dán an wò. Ta ló fojú rí àjẹ́ níbi tó ti ń pa ọmọ jẹ?

Àwọn kan yóò ní òyìnbó ló ni lọ́jíìkì. Kí wọ́n lọ ka Sophie Olúwọlé, ọmọ Ìgbàrà-Òkè ní ìpínlẹ̀ wa yìí, tó gbé Ọ̀rúnmìlà àti Socrates ka orí òṣùwọ̀n kan náà. Àwọn mìíràn yóò ní ọmọ tó bá bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ àgbà, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Babaláwo ń fi ìbò bèèrè, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, níwájú Ifá. Bí Ifá bá gba ìbéèrè, àgbà wo ni kò ní gbà á?

Wákàtí kan lọ́sẹ̀ tó. Kí ẹgbẹ́ ọmọ Ìkàrẹ́ gbèjà òwe náà, kí ti Ọ̀kà tú u palẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, kí wọ́n pààrọ̀ ipò. (Bí ọmọ bá fi èdè Àkókó ilé rẹ̀ jiyàn, ẹ má bá a wí.) Kí àwa àgbà jókòó sẹ́yìn, kí a pa ẹnu mọ́ títí wọn ó fi parí.