Ẹ Má Tíì Ta Sípíkà Baba Yín

Mo gbọ́ pé àwọn kan ń ta sípíkà méjì tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, pé ohùn ìyá ìlù kò jáde mọ́. Ẹ ní sùúrù. Nígbà mìíràn, wáyà ọ̀kan ni a gbé sódì: bí awọ ọ̀kan ti ń jáde ni ti èkejì ń wọlé, wọn a sì pa ohùn ńlá ara wọn. Ẹ tú wáyà kúrò lára ẹ̀rọ. Ẹ fi orí bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 volt kan ojú pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kí ìdí rẹ̀ kan dúdú. Awọ méjèèjì gbọ́dọ̀ sún síwájú; èyí tí ó bá sún sẹ́yìn, ẹ yí wáyà rẹ̀ padà. Bí fóòmù etí awọ bá ti jẹrà, òun nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Ogún baba kì í ṣe ohun ìjùnù. Ó di oṣù tí ń bọ̀.