Ẹ̀bẹ̀ sí gbogbo ọmọ Alápẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oyè Gani

 

Ọ̀rọ̀ olóògbé agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi ló dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Ondó ni wọ́n bí i sí ní 1938, ṣùgbọ́n Ojota tó múlé gbè wá ni ère rẹ̀ wà, nínú ọgbà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, ìjọba Ààrẹ Yar'Adua fi oyè ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní OFR lọ̀ ọ́. Àìsàn jẹjẹrẹ ń bá a fínra nígbà náà, síbẹ̀ ó ní òun ò gbà, nítorí ìṣèjọba burúkú tí Nàìjíríà ti ń jìyà rẹ̀ láti ìgbà òmìnira. Kò pé ọdún kan tó fi jáde láyé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2018, Ààrẹ Buhari fi oyè GCON, tó ga ju OFR lọ, dá a lọ́lá, lọ́jọ́ kan náà tó fi GCFR dá MKO Abiola lọ́lá. Ẹbí rẹ̀ gbà á. Alfa Belgore, adájọ́ àgbà tẹ́lẹ̀ rí, ní kì í ṣe ẹni tó ti kú ni wọ́n ń fún nírú oyè bẹ́ẹ̀. Ìjọba ní kò lòdì sófin.

Nínú ìpàdé, àwọn kan ní oyè tí ènìyàn fẹnu ara rẹ̀ kọ̀, ta ló ní kí wọ́n gbé e wá bá a ní sàréè? Àwọn yòókù ní ìbò June 12 tí wọ́n fagi lé ni Gani tìtorí rẹ̀ jìyà, ìjọba sì ti gbà níkẹyìn pé òun ló jàre. Ọ̀rọ̀ le débi pé àwọn méjì kò kí ara wọn mọ́. Èyí dùn wá gan-an.

Èrò ẹgbẹ́ rèé: ẹbí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gba oyè náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú wọn. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ tí Gani kọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Bí a bá sọ ti 2018 fún ọmọ wa tí a fo ti 2008, a ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá náà. Ẹ rántí pé nígbà tí bọ́ǹbù inú ìwé pa oníròyìn Dele Giwa ní 1986, Gani ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, tí wọ́n fi dá a láre pé ọmọ ìlú lásán náà lè pe ọ̀daràn lẹ́jọ́. Ẹni tó ṣe èyí kò dúró de oyè kankan.

Àwa náà mọ nǹkan kan nípa irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, tí owó lítà epo bẹntiróò kan fò láti 65 náírà sí 141, ọgbà Gani ní Ojota ni èrò péjọ sí láti fi ẹ̀hónú hàn. Ìyá kan nínú wa, tó ń ta ata ní Mile 12, sọ pé ẹsẹ̀ lòun fi rìn débẹ̀, torí kò sọ́kọ̀ lójú títì. Ó ru omi inú ọ̀rá sínú báàfù, ó sì ń pín in fáwọn ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ. Kò tíì sẹ́ni tó kọ èyí sílẹ̀.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín: ẹni tó bá wà ní Ojota nígbà náà, ẹni tí Gani gba ẹjọ́ rẹ̀ rò láìgba kọ́bọ̀, ẹni tó ní fọ́tò tàbí ìwé ilé ẹjọ́, kí ó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé, tàbí kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù. A ó fi ṣe ìwé pẹlẹbẹ ní èdè Yorùbá fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ Kosofe kó tó di June 12 tó ń bọ̀. Oyè tó kọ̀ àti oyè tí wọ́n fún un, méjèèjì ni yóò wà níbẹ̀, ti àkọ́kọ́ ni yóò sì ṣáájú. Owó ìtẹ̀wé, akápò ni kí ẹ fún. A kò ní gba tọwọ́ olóṣèlú kankan, a kò sì ní fi àwòrán ẹnikẹ́ni sẹ́yìn ìwé náà àyàfi ti Gani.