Ẹ Fara Balẹ̀ fún Ẹranko

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹranko, bí àlejò rere ni kó ṣe: àlejò rere kì í ti ẹnu ọ̀nà wọ yàrá. Lọ́sẹ̀ yìí mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá irin àgò gbàgà-gbàgà kí ìnàkí tó ń sùn lè dìde fún fọ́tò. Ó dùn mí gan-an. Ní 1967, Dian Fossey, obìnrin tó ń ṣèwádìí nípa gòrílà, pàgọ́ sí Karisoke, láàárín òkè Karisimbi àti Bisoke ní Rùwáńdà, nínú òtútù àti ẹrẹ̀. Kò lé gòrílà kiri. Ó ń rá kòrò, ó ń họra, ó ń jẹ ewé tí wọ́n ń jẹ, ó ń kùn bí wọ́n ṣe ń kùn, títí wọ́n fi gbà á mọ́ra. Ìyẹn ló jẹ́ kó rí i pé ìlà tó wà lókè ihò imú gòrílà kan kò jọ ti èkejì. Ó ń yà á sínú ìwé, òun ló fi ń dá wọn mọ̀. Ta ló lè rí ìlà imú ẹranko tó ń sá lọ? Títí dòní, sùúrù náà ni àwọn olùṣèwádìí fi ń ka gòrílà. Alaalẹ́ ni gòrílà ń tẹ́ ìtẹ́ tuntun. Ìtẹ́ tí wọ́n ti sùn sí àti ìgbẹ́ inú rẹ̀ ni àwọn tó ń kà wọ́n máa ń yẹ̀ wò. Gòrílà orí òkè ti lé ní 1,000 báyìí.