Ẹ Má Fi Ọmọ Mi Kọ́ṣẹ́ O!

"Ẹ má fi ọmọ mi kọ́ṣẹ́ o!" Igbe yìí kò ṣàjèjì lẹ́nu àwọn ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó. Kí aboyún rọbí lóru ní Ìta Fájì, kí wọ́n sáré gbé e dé Island Maternity, kí dókítà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù dáadáa yọ sí wọn. Ìyá aboyún á wò ó láti òkè délẹ̀, á ní: "Ọmọ kékeré yìí kẹ̀? Ẹ lọ pe ọ̀gá yín wá!" Nọ́ọ̀sì á ní: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Dókítà ni wọ́n. Iṣẹ́ àgbà ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́."

Ẹ̀yin ará Èkó, ìyá yẹn jàre, ṣùgbọ́n kò jàre tán. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tí kò bá gé aṣọ rí, báwo ni yóò ṣe mọ aṣọ gé? Mẹkáníìkì tó ṣe fíríídọ̀mù lánàá, ara mọ́tò onímọ́tò ló ti kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti dókítà. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kọ́ ni ewu. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tí kò rí ọ̀gá lẹ́yìn ara rẹ̀, ewu nìyẹn!

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀gá ná. Ọmọ á lo nǹkan bí ọdún 6 ní yunifásítì. Á fi ọdún 1 ṣe háúsì jọ́ọ̀bù, á fi ọdún 1 ṣe àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè mú ẹ̀ka kan ṣoṣo: aboyún ni o, ọmọdé ni o, ojú ni o, eegun ni o. Ọdún 5 tàbí 6 tún ń lọ nìyẹn, ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn. Ìdánwò lórí ìdánwò! Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé kan tí yóò máa kọ gbogbo iṣẹ́ abẹ tó bá bá wọn ṣe sí, ọ̀gá rẹ̀ á sì máa fọwọ́ sí i.

Láyé ọjọ́sí, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń lọ kọ́ gbogbo rẹ̀. Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awoliyi, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, Dublin ló ti gboyè ní 1938. Ilé ìwòsàn Massey ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló wá ti ṣiṣẹ́ nígbà tó dé, títí tó fi di ọ̀gá pátápátá níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló lè lọ sí Dublin? Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé ẹ̀kọ́ náà wálé. UCH Ìbàdàn ṣílẹ̀kùn ní 1957, LUTH dé ní 1962. Àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwọn sílẹ̀. Ní 1979, ìjọba fi òfin dá National Postgraduate Medical College sílẹ̀, èyí tó wà ní Ìjánikin lónìí. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ló ń ṣe ìdánwò, àwọn náà ló ń lọ yẹ ilé ìwòsàn wò. Ọ̀gá mélòó ló wà níbẹ̀? Irinṣẹ́ ńkọ́? Bí ọ̀gá kò bá tó, wọ́n lè ní kí wọ́n má kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà! Àwọn ọ̀gá ń lọ. Ní Ìlú Ọba nìkan, àwọn dókítà tó kàwé jáde ní Nàìjíríà, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ibẹ̀, ti lé ní 10,000. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ náà ò gbẹ́yìn. Òfin 2017 wà tó ní kí ìjọba máa ná owó sí ẹ̀kọ́ wọn. Síbẹ̀, láti ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 2021 títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, wọ́n yanṣẹ́ lódì, owó ẹ̀kọ́ yìí sì wà lára ohun tí wọ́n ń bèèrè. Oṣù 2 gbáko!

Ta ló ń jìyà rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ aboyún Ìta Fájì. Ó bí tán, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tó ń pa abiyamọ jù lọ nílẹ̀ yìí. Abẹ́rẹ́ wà fún un. Bí abẹ́rẹ́ ò bá ràn án, wọ́n lè rán ilé ọmọ kó fún pọ̀. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, àfi kí wọ́n yọ ilé ọmọ kúrò, kí ẹ̀mí ìyá má bàa bọ́. Ìgbà wo gan-an ló tó yọ? Ìwé lè ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ní aago 2 òru, ẹni tó ti rí i rí ló lè dúró ti ọmọdé dókítà, kó ní: "Ó tó, jẹ́ ká yọ ọ́." Ìyá á yè. Ọmọdé dókítà yẹn náà ò ní gbàgbé láéláé, lọ́la òun náà á kọ́ ẹlòmíràn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àgbà bá wá kúrò lọ́jà ńkọ́?

Ìjọba Àbújá àti ti Aláùsá, ẹ sanwó ọ̀gá, ẹ sanwó ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kí ẹ sì san án lásìkò. Ẹ̀yin ọ̀gá dókítà, ẹ má fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ tí ojú yín ò tó. Ẹ̀yin ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí kọ́ṣẹ́, nítorí àwọn ni yóò gbẹ̀bí ọmọ àwọn ọmọ yín. Àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ̀tọ́ yín ni: "Dókítà, ọ̀gá yín dà?"