Kí A Tó Ra Ilé ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: Ìwé Ilẹ̀ Nìkan Kò Tó

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá bá ti pé, gbogbo ọ̀nà tó wọ Ìjẹ̀bú-Òde a máa kún fún àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń bọ̀ wá sí Ojúde Ọba. Aṣọ, ẹṣin àti àwọn regbéregbé ni aráyé máa ń wò. Bí ayẹyẹ náà bá parí tán, ọ̀rọ̀ mìíràn a bẹ̀rẹ̀ nínú agboolé: ta ni ó fẹ́ ta ilé bàbá rẹ̀, ta ni ó ń wá ibi tí yóò fàbọ̀ sí bí ó bá fẹ̀yìn tì ní Èkó, ta ni ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun wo ilé kan ní Òkè-Ẹ̀rí, ní Odògbolú, tàbí ní abúlé kan tí kò jìnnà sí òpópónà Ṣágámù sí Benin.

Owó ilé gbígbé ní Èkó ń ga sí i. Pápákọ̀ òfurufú tó wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ náà ti mú kí ojú àwọn olùrà túbọ̀ yí sí apá ibí yìí nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn. Sìmẹ́ńtì àti irin sì wọ́n, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó sàn kí àwọn ra ilé tó ti wà nílẹ̀ ju kí àwọn kọ́ tuntun lọ. Èrò náà kò burú. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kan wà tí púpọ̀ nínú wa ń fò dá: àyẹ̀wò kínníkínní ara ilé fúnra rẹ̀, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni.

Ohun tí òfin ń dáàbò bò

Ní ti ilẹ̀, a kò lè sọ pé àwọn ènìyàn wa kò lajú. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978, ní abala 22, sọ pé ẹni tí gómìnà fún ní ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Abala 26 sì sọ pé títà tó bá lòdì sí òfin náà di asán. Ní ti ilẹ̀ ẹbí, àwọn ilé ẹjọ́ wa ti fi ìlànà lélẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: bí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí títà, títà náà kò múlẹ̀ rárá; bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí a fagi lé e. Ní ọdún 2016, ìpínlẹ̀ wa ṣe òfin láti fòpin sí ìwà àwọn ajagungbalẹ̀. Nítorí náà, olùrà tó gbọ́n yóò gba agbẹjọ́rò, yóò gba wọnlẹ̀wọnlẹ̀, yóò sì yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Gbogbo èyí dára, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ó dá. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó wo ilé. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ń wọn ààlà ilẹ̀. Agbẹjọ́rò ń yẹ ìwé. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣètò ìyọ̀ǹda gómìnà ń wádìí bóyá ẹni tó ń tà ní ẹ̀tọ́ láti tà. Ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ sí C of O kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ògiri dúró ṣinṣin tàbí pé ikán kò tíì jẹ igi àjà tán. Bí olùrà bá ní òun ti ṣe sọ́fè, ilẹ̀ ni ó ń sọ. Ilé kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Òfin kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbèjà olùrà ní ti àlébù ara ilé. Ìlànà tí ilé ẹjọ́ wa jogún láti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí olùrà ṣọ́ ara rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà bá purọ́, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ bo àlébù mọ́lẹ̀ kí a má bàa rí i, ẹ̀tàn ni, a sì lè pè é lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kàn dákẹ́ nípa àlébù tí ojú ẹni tó mọ iṣẹ́ ì bá rí, ó ṣòro kí olùrà tó rí ẹ̀tọ́ gbà lórí rẹ̀. Bí a bá ti sanwó tán, ògiri tó lanu ti di ti ẹni tó rà á.

Ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ewu yìí ní ojú tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní àwọn ìlú kéékèèké àti abúlé wa ni a fi amọ̀ pupa mọ. Amọ̀ kì í ṣe ohun àbùkù. Eredo Súngbọ́, yàrà ńlá tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún ohun tó ju kìlómítà 160 lọ, ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ògiri rẹ̀ sì ga tó mítà 20 ní àwọn ibi kan. Ilẹ̀ wa lágbára nígbà tí ó bá gbẹ. Omi ni ọ̀tá rẹ̀.

Àwọn tó kọ́ ilé amọ̀ láyé àtijọ́ mọ èyí. Wọ́n a jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa kí òjò má bàa na ògiri, ògiri náà a sì lè mí. Nígbà tí sìmẹ́ńtì dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rẹ́ ara ògiri amọ̀ kí ilé lè dán bí ilé búlọ́ọ̀kù. Sìmẹ́ńtì le ju amọ̀ lọ, kì í sì í bá a wú tàbí bá a sún. Bí ó bá pẹ́, yóò sán. Omi òjò yóò gba ojú ibẹ̀ wọlé, kò sì ní tètè ráàyè jáde mọ́. Ìsàlẹ̀ ògiri yóò wá máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìrẹ́ tó ń dán. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìṣòro tiwa ni pé ẹni tó ń ta ilé a máa di ẹnu ògiri náà, a sì kùn ún ní ọ̀dà tuntun, ní ọ̀sẹ̀ tí olùrà fẹ́ dé.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan kó owó tó fi ọdún 35 ṣiṣẹ́ fún sórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní abúlé ìyá rẹ̀. Ìwé pé, ẹbí fọwọ́ sí i, ilé ń dán. Kò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ jẹ́ amọ̀, pé òkè jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lé e. Ní òjò kejì, ojú sísán kan yóò là láti igun fèrèsé lọ sí òkè. Ẹnjiníà tí ó bá pè ní ọjọ́ náà yóò sọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n sọ fún un kí ó tó sanwó. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì mìíràn tí yóò fi tún ilé ṣe. Bí kò bá sì kó jáde, ẹ̀mí ni ó kù tí yóò fi ta tẹ́tẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kì í ṣe àsọdùn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Ìta Fáàjì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì lọ sí i, títí kan ti àwọn ọmọ tó wà ní iléèwé tó wà nínú ilé náà. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, àwọn aláṣẹ sọ pé a ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí a wó o. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ fún olùrà ni pé ilé lè dúró, kí ènìyàn máa gbé inú rẹ̀, síbẹ̀ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ ti dájọ́ lé e lórí. Ọ̀dà kan ṣoṣo sì tó láti pa irú àmì bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Bí àyẹ̀wò gidi ṣe ń rí

Àyẹ̀wò tí a ń sọ kì í ṣe kí a mú bíríkìlà ojúlé kejì dání kí ó fi ọwọ́ gbá ògiri. Ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ COREN, tó sì mọ̀ nípa ìmúdúró ilé, tàbí kọ́lékọ́lé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CORBON, ni ó yẹ kí ó ṣe é. Yóò kọ́kọ́ mọ ohun tí a fi kọ́ ilé náà. Ògiri amọ̀ sábà máa ń nípọn ju ti búlọ́ọ̀kù lọ, ojú fèrèsé ni a ti ń rí i. Bí a bá sì gòkè sínú àjà, a sábà máa ń rí apá ibi tí a kò rẹ́. Yóò wo ojú sísán: èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí sábà máa ń jẹ́ ti ìrẹ́ nìkan, ṣùgbọ́n èyí tó dàgẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, tí ọ̀bẹ sì lè wọ̀, lè jẹ́ àmì pé ìpìlẹ̀ ti sún. Yóò wo abẹ́ dẹ́kìn bóyá kọnkéré ń bọ́ tí irin tó ti dípẹtà sì ń yọjú, yóò sì lo irinṣẹ́ tó fi ń mọ bí kọnkéré ṣe le tó láìfọ́ ọ.

Yóò yẹ igi òrùlé wò fún ikán, yóò yẹ páànù wò, yóò sì bi wá bóyá àjà ilé jẹ́ asbestos. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé gbogbo irú asbestos ló lè fa àrùn jẹjẹrẹ, nítorí náà a kò gbọdọ̀ fi òòlù fọ́ ọ bí a ṣe ń fọ́ pákó. Yóò wo wáyà iná, ibi tí omi òjò ń ṣàn gbà, àti àlàfo tó wà láàárín kànga àti kòtò ilé ìgbẹ́. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí àlàfo náà tó mítà 30. Ní abúlé tí kò sí omi ẹ̀rọ, èyí nìkan lè yí ìpinnu olùrà padà. Àsìkò òjò ló sì dára jù láti lọ wo ilé, nítorí òjò kì í bá ẹnikẹ́ni bo àṣírí.

Ní ìparí, yóò kọ ìròyìn sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán: ohun tó bàjẹ́, èyí tó léwu, èyí tó lè dúró, àti iye tí àtúnṣe yóò ná ni. Owó iṣẹ́ yìí kéré púpọ̀ sí owó ilé. Bí ìròyìn bá dára, ọkàn olùrà balẹ̀. Bí kò bá dára, olùrà lè ní kí wọ́n dín owó kù, ó sì lè fi ilé sílẹ̀.

Àwọn tó wà lókè òkun àti ìtìjú àárín ìbátan

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Bìrìtìkó mọ àṣà yìí dáadáa. Níbẹ̀, àjọ RICS pín àyẹ̀wò ilé sí ìpele mẹ́ta, ìkẹta tó jinlẹ̀ jù sì wà fún ilé àtijọ́ àti èyí tí a ti tún ṣe púpọ̀. Ní Scotland, láti oṣù kejìlá ọdún 2008, ẹni tó fẹ́ ta ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilé gbọ́dọ̀ pèsè ìròyìn àyẹ̀wò fún ẹni tó fẹ́ rà á. Síbẹ̀, ẹni tí kò jẹ́ ra ilé ní Lọ́ńdọ̀nù láìṣe àyẹ̀wò lè sanwó ilé ní Ìjẹ̀bú lórí fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Fídíò kì í gòkè àjà, kì í sì í gbóòórùn ògiri tó tutù.

Ohun tó ń fà á ni ìtìjú. Ẹni tó ń tà lè jẹ́ ìbátan ẹni, ó sì lè bínú pé, “Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ lù yín ní jìbìtì ni?” Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn: “Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin gan-an lè má mọ ohun tó wà lábẹ́ ilé tí bàbá kọ́ kí wọ́n tó bí yín.” Òtítọ́ sì ni. Kí olùrà fúnra rẹ̀ yan ẹni tí yóò ṣe àyẹ̀wò, kí ó má jẹ́ ẹni tí alágbàtà tàbí olùtà mú wá. Kí agbẹjọ́rò kọ ọ́ sínú àdéhùn pé owó ìdákọ́ yóò padà bí àyẹ̀wò bá fi àlébù ńlá hàn. Kí a sì bèèrè ní ọ́fíìsì ètò ìlú ti ìjọba bóyá ilé náà ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, bóyá òkè tí a gbé lé e wà nínú àṣẹ náà, àti bóyá a ti sàmì sí i rí.

Ẹni tó mú agbẹjọ́rò lọ yẹ ìwé wò, tí kò mú ẹnjiníà lọ yẹ ògiri wò, fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. A lè fi ọdún púpọ̀ bá ẹbí ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kí á sì jàre. Kò sí ilé ẹjọ́ tó lè gbé ẹni tí ilé wó lù dìde. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun: kí a tó ka owó sílẹ̀ ni kí a ti yẹ ilé wò.